Wáìnì pupa tó bá ọbẹ̀ ata mu, tí kò sì ní jẹ owó ilé-ìwé ọmọ

 

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Mísà àárọ̀, ìyá kan dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti ra ewúrẹ́, ó ti bá àwọn tí yóò gúnyán sọ̀rọ̀, ó ti yá àga. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dà á láàmú, wáìnì sì ni. Bàbá ìsàmì ọmọ náà ń bọ̀ láti Kútọ̀nù, ó sì ti gbé ilẹ̀ Faransé rí. Ó ti dárúkọ wáìnì kan lójú ìyá yìí rí, tí wọ́n ń pè ní Châteauneuf-du-Pape. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ pé orúkọ Póòpù wà nínú rẹ̀, ó ní kò sí òmíràn tó yẹ ọjọ́ náà. Ó béèrè iye rẹ̀ nílé ìtajà, àyà rẹ̀ já. Síbẹ̀ ó ti pinnu. Oṣù tó ń bọ̀ ló kàn án láti kó èsúsú, owó tó sì fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta ni. Ó ní òun yóò fi ra ìgò méjìlá.

Ó bi wá pé, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí dára?”

A bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì fọwọ́ kan owó náà, kó kọ́kọ́ bá wa kálọ sílé. Ọ̀rọ̀ tí a bá a sọ lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ bá gbogbo yín sọ, nítorí òun nìkan kọ́ ló wà nínú ìṣòro yìí. Nígbàkígbà tí ìsàmì, Kòmúníò àkọ́kọ́ tàbí ìgbéyàwó bá ti ń bọ̀, irú ìbéèrè yìí kì í wọ́n ní ìjọ wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà

Àwa tọkọtaya tí a ń kọ ojú ewé yìí kò gbọ́n ju ìyá yìí lọ nígbà tiwa. Nígbà tí a ń ṣe ìsàmì àkọ́bí wa, a ra ìgò mẹ́fà wáìnì Bordeaux olówó gọbọi. Orúkọ rẹ̀ gùn, àwòrán ilé ńlá wà lára rẹ̀, ẹni tó tà á fún wa sì búra pé ọtí àwọn ọlọ́lá ni. Ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa ló ti gbé e fún wa, àwa kò sì fura. A tò ó sórí tábìlì láti àárọ̀ kí gbogbo àlejò lè rí i. Nígbà tí agogo méjì ọ̀sán yóò fi lù, ara ìgò náà ti lọ́ wọ́ọ́wọ́.

A bu iyán, a bu ọbẹ̀ ewúrẹ́ tí ata rodo kún inú rẹ̀, a da wáìnì sínú ife. Ẹni àkọ́kọ́ tó mu ún fajú ro. Ẹnì kejì ní ọ̀nà ọ̀fun òun ń jó. Bàbá àgbà wa kan béèrè ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó dà á lé wáìnì náà lórí, ó sì rọra mu ún bẹ́ẹ̀. Ìgò tó kù ju ìdajì lọ, ó kan mọ́ wa lọ́wọ́, a sì dà á nù.

Ó pẹ́ tí a fi ń sọ pé àwọn àlejò wa kò mọ wáìnì mu. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni a wá mọ̀ pé àwa gan-an ni a kò mọ̀ ọ́n rà. Owó ni a wò, a kò wo ọbẹ̀.

Ìdí tí ata àti wáìnì fi ń jà

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí. Ata rodo máa ń mú kí ahọ́n rò pé iná kan òun. Agbára ọtí tó wà nínú wáìnì sì máa ń jẹ́ kí ahọ́n tètè gbọ́ iná náà sí i. Nítorí náà, bí agbára ọtí bá ṣe pọ̀ tó nínú wáìnì ni ata yóò ṣe máa jó tó.

Ohun kejì ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní ‘tanin’. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá. Ẹni tó bá ti jẹ obì mọ̀ ọ́n: bí obì ṣe ń fún ẹnu pọ̀ tó sì ń gbẹ itọ́ ni tanin ń ṣe. Bí ẹran bá lọ́ràá, tí a sì yan án láìfi ata púpọ̀ sí i, ọ̀rá náà yóò rọ tanin lójú, àwọn méjèèjì yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí tanin bá pàdé ata rodo, ńṣe ni ó ń le sí i, tó sì ń korò.

Ohun kẹta ni ooru. Wáìnì tó bá gbóná, agbára ọtí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ sí imú, òórùn èso rẹ̀ yóò sì sá pamọ́.

Àwa ti kó gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sórí tábìlì kan ṣoṣo, a sì tún fi owó ńlá rà wọ́n.

Wáìnì wo ni à ń wá nígbà náà? Èyí tí èso àjàrà rẹ̀ ń hàn lẹ́nu dáadáa ni, tí kì í fún ẹnu pọ̀ jù, tí agbára ọtí rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó sì ń ta sánsán bí èròjà tí àwa náà ń fi sínú ọbẹ̀. Irú rẹ̀ wà, kò sì wọ́n.

Wáìnì tó ń ta sánsán bí iyèré

Nígbà tí a sọ pé wáìnì kan ń ta sánsán bí iyèré, ìyá náà bi wá bóyá ata ni wọ́n dà sí i. Rárá o. Ara èso àjàrà fúnra rẹ̀ ni òórùn náà ti ń wá. Oríṣi àjàrà dúdú kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní Syrah, tí àwọn ará Ọsirélíà ń pè ní Shiraz. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà kọ ọ́ jáde pé àwọn ti rí ohun tó ń mú un ta sánsán bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni rotundone. Ohun náà gan-an ló ń fún ata dúdú oníhóró, èyí tí Faransé ń pè ní ‘poivre’, ní òórùn rẹ̀. Iyèré tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ sì jẹ́ ìbátan ata dúdú yìí. Ìdílé igi kan náà ni wọ́n ti jáde.

Àwọn onímọ̀ náà tún rí ohun kan tó pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú ènìyàn márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan wà tí kò lè gbọ́ òórùn náà rárá. Nínú ilé tiwa, bí ìyàwó bá gbé ife sí imú, kíá ni yóò ti sọ pé iyèré wà níbẹ̀. Ọkọ á fín in títí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má ṣe bá ara yín jà nítorí rẹ̀. Imú ló yàtọ̀.

Àjàrà kejì tó yẹ ká mọ̀ ni Grenache. Èyí ló ń fún wáìnì ní adùn èso pupa àti ara tó rọ̀. Bí wọ́n bá po Grenache pọ̀ mọ́ Syrah, tí wọ́n fi díẹ̀ nínú Mourvèdre sí i, wáìnì tó bá ọbẹ̀ wa mu ló sábà máa ń jáde. Ibi tí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n pò jù ni àfonífojì odò Rhône, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ náà ni Châteauneuf-du-Pape wà.

Ilé Póòpù àti àwọn aládùúgbò rẹ̀

Òótọ́ ni pé Póòpù wà nínú ìtàn náà. Láti ọdún 1309 títí di 1377, ìlú Avignon ni àwọn Póòpù ń gbé, kì í ṣe Róòmù. Póòpù Jòhánù Kejìlélógún, tó gorí oyè ní ọdún 1316, kọ́ ilé olódi kan sí abúlé tí kò jìnnà sí Avignon. Ìtumọ̀ orúkọ abúlé náà lónìí ni ‘ilé olódi tuntun ti Póòpù’. Ilé náà ti wó, apá kan ògiri rẹ̀ ló ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ọgbà àjàrà yí i ká títí dòní.

Wáìnì ibẹ̀ dára, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú un wọ́n? Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Òfin tún sọ pé hékítà kan kò gbọdọ̀ mú ju hẹkitólítà 35 lọ, nígbà tí èyí tí òfin gbà fún àwọn ọgbà Côtes du Rhône lásán jẹ́ nǹkan bí 50. Kò sì yẹ ká gbàgbé pé agbára ọtí rẹ̀ sábà máa ń dé 14.5%, nígbà mìíràn ó ń dé 15%. Ẹ ti rí i pé bí a bá gbé e síwájú ọbẹ̀ ata, yóò jó ẹnu ju èyí tí kò wọ́n lọ. Owó ńlá tí ìyá yìí fẹ́ san, òun gan-an ni ìbá ba oúnjẹ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn aládùúgbò Châteauneuf ń mu omi odò kan náà, oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n, afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní mistral ń fẹ́ lu gbogbo wọn, àjàrà kan náà ni wọ́n sì ń gbìn. Bí ìpele wọn ṣe tò nìyí:

Èkínní ni èyí tí a kọ ‘Côtes du Rhône’ nìkan sí lára. Ọdún 1937 ni òfin ti fi orúkọ yìí múlẹ̀. Òun ni kò wọ́n jù.

Èkejì ni ‘Côtes du Rhône Villages’. Òfin rẹ̀ le díẹ̀ sí i, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ‘Côtes du Rhône Villages’ tí orúkọ abúlé kan tẹ̀ lé e, bíi Séguret, Sablet tàbí Plan de Dieu.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí orúkọ ara wọn nìkan tó fún wọn: Gigondas láti ọdún 1971, Vacqueyras láti 1990, Cairanne láti 2016, àti Châteauneuf-du-Pape tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn.

Fún ọbẹ̀ ata nílé wa, ìpele kìn-ín-ní tàbí èkejì ló yẹ. Ẹni tí kò bá rí i lè wá Corbières tàbí Minervois, tàbí ‘Pays d’Oc’ tí a kọ Syrah sí lára, láti apá Languedoc tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Rhône. Àwọn ará Sípéènì náà ní Grenache tiwọn. Garnacha ni wọ́n ń pè é, ó sì sábà máa ń rọjú láti rà.

Bí ẹ bá dé ilé ìtajà

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti gbé ìgò lọ́wọ́ kí ẹ sì kà á.

Ẹ wo agbára ọtí rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ara ìgò. Fún oúnjẹ oníata, ẹ wá 13% tàbí 13.5%. Bí ẹ bá rí 15%, ẹ dá a padà.

Ẹ wo ọdún rẹ̀. Wáìnì tí kò wọ́n kò dà bí àgbàlagbà tó ń gbọ́n sí i bó ṣe ń pẹ́. Èyí tó ti lo ọdún méjì sí mẹ́rin ló dára jù. Èyí tó ti pé ọdún mẹ́wàá nílé ìtajà ti rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. ‘Grand vin’ àti ‘Cuvée spéciale’ jẹ́ ìpolówó ọjà lásán. Ṣùgbọ́n ‘Mis en bouteille au domaine’ tàbí ‘à la propriété’ ní ìtumọ̀. Ó ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọgbà àjàrà náà ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò.

Ẹ wo ibi tí ìgò náà dúró sí. Bí oòrùn bá ń pa á, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìdénu ìgò bá ti yọrí sókè, tàbí tí ọtí ti jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó sì gbẹ mọ́ ọn, ooru ti ṣe é lọ́ṣẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ ra ìgò kan péré lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gbé e wálé, ẹ se ọbẹ̀ tí ẹ ó sè lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì tọ́ ọ wò pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu. Bó bá bá a mu, ẹ padà lọ ra ìyókù. Bí kò bá bá a mu, ìgò kan péré lẹ pàdánù.

Bí ẹ bá gbé e délé

Àwọn Faransé máa ń sọ pé kí a mu wáìnì pupa ní ìwọ̀n ooru inú yàrá. Yàrá tí wọ́n ń sọ ni ti àwọn baba ńlá wọn, tí kì í ju dìgírì 16 sí 18 lọ. Yàrá tiwa ní Àjàṣẹ́ ń lọ sí 30. Nítorí náà, ẹ gbé wáìnì pupa sínú fírìjì fún nǹkan bí wákàtí kan kí ẹ tó bù ú. Ẹni tí kò ní fírìjì lè gbé ìgò sínú korobá omi tó ní yìnyín fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe da yìnyín sínú ife, omi ni yóò bà á jẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹran ewúrẹ́ díndín, àgùntàn sísun, ẹyẹ awó àti ẹlẹ́dẹ̀ yíyan bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àjàṣẹ́ bá a mu púpọ̀. Adìyẹ pẹ̀lú àmìwọ̀ náà dára. Wàgáṣì díndín tí àwọn ará Sábẹ fẹ́ràn bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gúsí tí a fi ẹran gbígbẹ sè. Ẹja tútù àti ilá kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi omi tàbí ẹmu sin wọ́n.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹ yọ ata rodo méjì nínú ọbẹ̀, kí ẹ fi iyèré àti kànáfùrù díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ lọ ata tó kù sínú àwo kékeré lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó jó òun yóò bù ú fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ìgò kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 75, ó sì ń kún ife mẹ́fà. Ìyá tiwa ń retí àgbàlagbà ogójì. A bi í pé mélòó ló ń mu wáìnì nínú wọn? Ó rò ó, ó ní wọn kò ju ogún lọ. Ife méjì méjì fún ogún ènìyàn jẹ́ ogójì ife, ìgò méje ni. A fi ọ̀kan lé e, ó di mẹ́jọ. Ká ní ìgò Côtes du Rhône kan jẹ́ 3,000 sẹ́fà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24,000. Ká ní èyí tó ní orúkọ Póòpù jẹ́ 25,000, ìgò méjìlá yóò jẹ́ 300,000. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ọdún ilé-ìwé kan nìyẹn.”

Ẹni tó bá ń retí àlejò púpọ̀ lè ra páálí olórọ́bà onílítà márùn-ún, tó ń gba ohun tó lé ní ìgò mẹ́fà. Afẹ́fẹ́ kì í wọ inú rẹ̀, nítorí náà ó ń pẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú fírìjì lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Ìgò tí a ti ṣí kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kò yẹ kí wọ́n mu ún: àwọn ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tiwọn ni, aboyún, ẹni tó ń lo oògùn, àti ẹni tí yóò gun zémìjàn tàbí tí yóò wakọ̀ padà sílé. Ẹ ṣe ọsàn àti ewé tútù fún wọn, kí ẹ sì gbé e fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilé tí kò bá lágbára wáìnì rárá kò ní ìtìjú kankan. Ẹmu tútù láàárọ̀ ti gba àlejò kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa.

Bí ọjọ́ náà ṣe rí

Ọjọ́ Kòmúníò pé, a sì wà níbẹ̀. Ìyá náà gbé Côtes du Rhône mẹ́jọ jáde nínú korobá yìnyín. Bàbá ìsàmì gbé ìgò kan, ó ka ara rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó jẹ ẹran ewúrẹ́ náà, ó mu, ó tún na ife. Ó wá sọ fún ìyá ọmọ pé, “Ìyá wa, ẹ ti mọ nǹkan yìí jù wá lọ o.” Bàbá àgbà wa tó da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i lọ́jọ́sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó mu tirẹ̀ láìda nǹkan kan sí i. Ìgò kan ṣẹ́kù.

Ní Kánà, ohun tí Ìyá Olúwa wa rò ni kí ojú má ti ilé tó pe àlejò. Ó yẹ kí àwa náà máa rò ó bẹ́ẹ̀, kí a sì rántí pé ojú tún lè tì wá ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí a bá ń lé àwọn ọmọ padà sílé nítorí owó ilé-ìwé. Ìyá yìí kó èsúsú rẹ̀ nígbà tó kàn án. Ó kó o lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ̀yin ẹbí wa, ẹ ṣe àríyá yín pẹ̀lú ayọ̀ àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó dìgbà kan ná.